Ebi Kì Í Ṣe Ààwẹ̀

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró sọ ọ́, nítorí ohun tí mo rí kì í ṣe ohun tí à ń jókòó sọ. Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Tádé, tí mò ń bójú tó ilé ìdáná ìjọ yìí láti ìgbà tí a ṣì ń jọ́sìn nínú ilé onípákó. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá mi fínra. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé oògùn tí dókítà ní kí n máa lò lójoojúmọ́, mo ti sọ ọ́ di ti ọjọ́ tí orí bá fọ́ mi jù. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀bẹ gé hóró kan sí méjì. Nígbà tó tún yá, kò sí èyí tí n ó gé mọ́. Bí mo bá fi ìwọ̀nba owó ọwọ́ mi ra oògùn, n kò ní jẹun. Bí mo bá fi jẹun, oògùn á di ìgbà mìíràn. Bí mo bá sì lo oògùn láìjẹun, òòyì á kọ́ mi títí n ó fi di ògiri mú.

Bí ẹ bá bi mí pé, "Ìyá, ṣé ẹ ti jẹun?" màá ní, "Mo wà nínú ààwẹ̀." Ẹ̀yin náà á ní, "Ẹ kú ìfaradà, Ìyá. Olúwa á gbọ́." Ẹ ó sì kọjá lọ.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo kúnlẹ̀ fún àdúrà ọ̀sán nínú yàrá mi. Mo gbàdúrà títí ohùn fi há mi lọ́fun. Mo ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ lórí ẹní. Bí mo ṣe dijú báyìí, mo gbọ́ tí ẹnìkan pe oríkì tí ìyá mi fi ń pè mí nígbà ayé rẹ̀: "Àbẹ̀kẹ́, dìde." Mo dìde. Mo bojú wẹ̀yìn, mo sì rí ara mi nílẹ̀ níbẹ̀, ẹnu mi là sílẹ̀.

Ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n ó ká apá rẹ̀ sókè bí ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kí mi, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tẹ̀lé mi. Ohun tí o bá rí, bí o ṣe rí i ni kí o sọ ọ́."

A rìn títí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. A dé ibi àká ńlá kan tí kò ní fèrèsé. Ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ha, ẹ̀yin ará, ènìyàn ló kún inú rẹ̀, àgbàdo bò wọ́n dé àyà, àgbàdo náà pọ́n bí ẹyin iná, ó ń ga sí i, ó ń dé ọrùn, wọ́n ń fi ọwọ́ wà á dànù, ọwọ́ ń jóná, wọ́n ń ké pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn, bẹ́ẹ̀ ọrùn wọn ni kọ́kọ́rọ́ wà, wọn kò sì rántí bí a ti ń lò ó!

Ó ní, "Àwọn tó ra oúnjẹ ìlú pamọ́ nìyí, tí wọ́n ń dúró kí ebi mú ènìyàn kí ọjà àwọn lè wọ́n."

Mo fẹ́ sá. Ó di ọwọ́ mi mú. A dé ibi tí ibùsùn tẹ́ lọ rẹrẹ bí ilé ìwòsàn tí kò lópin. Àwọn tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ ń gbọ̀n, wọ́n ń nawọ́ gba oògùn, wọ́n ń gbé e mì, oògùn náà sì ń di ẹfun lọ́fun wọn. Wọ́n á wúkọ́ títí, wọ́n á tún nawọ́. Ó ní, "Ohun tí wọ́n tà fún aláìsàn ni wọ́n ń lò."

Mo bi í pé, "Àwọn alágbèrè ńkọ́?"

Ó ní, "Wọ́n wà lọ́nà ọ̀hún. Ìyẹn kì í ṣe tuntun sí ọ, wọ́n ń wàásù rẹ̀ fún un yín nígbà gbogbo. Wá wo èyí tí wọn kì í sọ."

Ó mú mi dé òpópó kan. Ilẹ̀kùn ni lọ́tùn-ún, ilẹ̀kùn ni lósì, gbogbo wọn tì pa. Ènìyàn dúró níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n rù, wọ́n gbẹ, wọ́n ń kànkùn. Bí ẹnìkan bá ti kànkùn, ohùn kan á dá a lóhùn láti inú ilé, ohùn tó dùn bí oyin: "Ọlọ́run á pèsè. Máa gbàdúrà." Ẹni náà á figbe ta, á di etí, nítorí ohùn ara rẹ̀ ló ń gbọ́. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, mò ń gbọ́ tí ìkòkò ń hó.

Ẹnu ọ̀nà kan wà tí ẹnikẹ́ni kò dúró níbẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀wù kan kọ́ sára ògiri rẹ̀. Irú ẹ̀wù ìjọ tiwa yìí ni, ó mọ́, wọ́n sì ti lọ̀ ọ́ dáadáa. Mo ní, "Ta ló ni ín?"

Ó ní, "Ẹni tó bá bá mu."

Bàbá Alàgbà, mo rí i pé ẹ ń juwọ́ sí mi pé kí n jókòó. Ẹ má bínú, sà. N kò ní jókòó. N kò sọ pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Èmi náà wo ẹ̀wù yẹn bóyá ó lè bá mi mu.

Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ sí wa. Kì í ṣe wúrà ni mo kọ́kọ́ rí ní ọ̀run. Òórùn ọbẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn ènìyàn jókòó lábẹ́ ibòji, wọ́n ń jẹun wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí ẹni tó ń fi ọwọ́ bo àwo rẹ̀. Obìnrin kan gbójú sókè. Ìyá Rónkẹ́ ni, ọ̀rẹ́ mi tí àtọ̀gbẹ pa, tí gbogbo wa níbí sin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn! Ẹsẹ̀ rẹ̀ tí egbò ti jẹ, ó ń dán. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n tí dókítà kà léèwọ̀ fún un ló ń jẹ.

Kò tilẹ̀ kí mi. Ó ní, "Kí lẹ sọ nípa mi níbi ìsìnkú?"

Mo ní, "A ní akọni àdúrà ni ọ́. A ní kò sẹ́ni tó gbààwẹ̀ tó ọ nínú ìjọ."

Ó gbé àwo sílẹ̀. "Ààwẹ̀ wo? Mi ò gbààwẹ̀ kankan. Oúnjẹ ni kò sí! Abẹ́rẹ́ mi tán, mi ò rówó ra òmíràn, ojú sì ń tì mí. Ẹ wá fi ìtìjú mi ṣe ìwàásù. Sọ fún wọn, ìwọ obìnrin yìí. Sọ fún wọn!"

Mo yíjú sí ẹni tó mú mi wá. Mo ní, "Wọ́n ní Ọlọ́run ló pè é."

Ó ní, "A kò pè é. A kò tíì kan àga rẹ̀ tán. A gbọ́ tó ń kànkùn, a sì ṣí i fún un." Ó fi ìtì igi kan hàn mí tí wọn kò tíì là. "Ibi tí àga tìrẹ dé nìyẹn. Bí o bá fẹ́, jókòó sórí rẹ̀. A kò ní lé ọ."

Ẹ̀yin ará, n kò ní purọ́ fún un yín, ebi ń pa mí. Itọ́ ń dà lẹ́nu mi. Ẹsẹ̀ mi ti sún mọ́ igi náà. Ṣùgbọ́n inú bí mi. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ṣé ẹ pè mí?"

"A kò tíì pè ọ́."

"Ǹjẹ́ n kò jókòó. Ebi kọ́ ni yóò tì mí wọ ọ̀run. Ẹ dá mi padà!"

Ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Máa lọ, kí o sì pariwo."

Omi tútù ló jí mi. Rónkẹ́, ọmọ ọ̀rẹ́ mi yẹn, tí yàrá rẹ̀ kángun sí tèmi, ló da omi sí mi lójú, tó ń gbọ̀n mí jìgìjìgì. "Màmá! Ẹ dáhùn o! Ẹ má ṣe mí bíi Màámi!"

Mo lajú. Mo wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti jó wọlé. Mo ní, "Rónkẹ́, kí lo jẹ lónìí?"

Ó ní, "Mo wà nínú ààwẹ̀, mà."

Mo ní, "Irọ́ ni."

Ó bú sẹ́kún.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Ìrẹsì, ẹ̀wà àti iṣu tí a kó pamọ́ de àwọn àlejò àjọ̀dún ìjọ, tí ẹ kò bá níbẹ̀ mọ́, kí ẹ má wulẹ̀ fura sí ọmọ ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé ìjọ wa. Èmi ni mo kó o. Lójú ọ̀sán gangan ni èmi àti Rónkẹ́ gbé e káàkiri ilé gbogbo àwọn tó máa ń sọ pé àwọn ń gbààwẹ̀. Kò sí ilé kan tó kọ̀ ọ́. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tó ní àkókò ìṣínu òun kò tíì tó. Bí olè bá ni mí, ẹ pe ọlọ́pàá. Nílé ìdáná ni wọn ó bá mi.

Ṣùgbọ́n ìrẹsì kì í wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Owó tí à ń dá láti fi ra àga tuntun sórí pẹpẹ, ẹ jẹ́ ká fi ra oògùn fún àwọn tó wà láàyè. Mo ti ọ̀hún bọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé àga Ọlọ́run ti gbó.

Rárá, Bàbá, mò ń parí rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń pe ebi ní ààwẹ̀, tí ẹ̀ ń gé oògùn yín sí wẹ́wẹ́, ẹ dìde. Ẹ má wojú ẹnikẹ́ni. Rónkẹ́, o ṣeun. Bàbá Jòónà, ẹ rọra, ẹ di bẹ́ǹṣì mú. Ìyá Akọrin, ìwọ náà? Pẹ̀lú ohùn yẹn? Ẹ wò wọ́n, gbogbo ìjọ. Ẹni tó bá rí wọn lónìí, tó sì tún sọ lọ́la pé òun kò mọ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn ń bẹ lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ má tíì dá orin. Ẹ kọ́kọ́ gbé ìkòkò kaná.