Ìwé Apanilẹ́rìn-ín Tó Gbé Télọ̀ Lámídì Lọ

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ìyàwó mi pàápàá ò gbọ́ ọ rí. Ǹ bá ṣì gbé e pa mọ́, ṣùgbọ́n Ìyá Bíntù ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ náà ò sì ṣeé gbé mì mọ́.

Ìwé apanilẹ́rìn-ín ni mo ń kọ. Nígbà tí SAP gbòde, tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, Ifọ̀ ni mo ń gbé. Mo ń ṣe tíṣà, tí mo bá sì ti iléèwé dé, mo máa ń kọ̀wé. Bùọ̀dá Lámídì, télọ̀ ará Ìwó, ló wà ní yàrá tó kọjú sí tèmi, àwọn àti ìyàwó wọn, Ìyá Bíntù.

Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìrìn wọn àti irọ́ tí wọ́n ń pa fún oníbàárà máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo bá fi wọ́n sínú ìwé mi. Mo sọ wọ́n ní Télọ̀ Wúruwùru.

Mo kọ ọ́ pé Wúruwùru rán agbádá ọkọ ìyàwó, kò dá ọrùn sí i. Ọjọ́ kẹta, ariwo sọ níta. Bùọ̀dá Lámídì ti rán agbádá láìdá ọrùn sí i. Ẹnikẹ́ni ò tíì ka ohun tí mo kọ o. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni.

Mo tún kọ ọ́ pé Wúruwùru jí lówùúrọ̀, ohùn ewúrẹ́ ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ikọ́ fi mú Bùọ̀dá. Tí wọ́n bá húkọ́ báyìí, ẹ ó wẹ̀yìn wò bóyá ewúrẹ́ ló ń bọ̀. Mo lọ kí wọn. Wọ́n tẹjú mọ́ mi.

"Tíṣà, tí mo bá jókòó sídìí máṣíìnì, mo máa ń gbọ́ tẹ́nìkan ń pè mí láti yàrá yín. Kì í ṣe Lámídì ló ń pè mí o. Orúkọ mìíràn ni. Ó sì máa ń ṣe mí bíi kí n dáhùn."

Orí mi wú. Mi ò sọ orúkọ tí mo fún wọn fún ẹnikẹ́ni.

Ó yẹ kí n fa ìwé náà ya. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kọ lẹ́tà sí mi pé ìparí rẹ̀ ò pani lẹ́rìn-ín tó. Mo bá kọ òmíràn. Wúruwùru wọ bàtà dúdú sẹ́sẹ̀ kan, pupa sẹ́sẹ̀ kejì, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ ra òwú ní Àgbàdó. Oorun gbé e lọ. Ibi gbogbo tí ọkọ̀ bá ti dúró ló ń béèrè pé, "Ṣé Àgbàdó rèé?" Wọ́n á ní àwọn ò gbọ́ orúkọ ìlú bẹ́ẹ̀ rí. Kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo fi ránṣẹ́ sí wọn.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bùọ̀dá jáde.

"Tíṣà, mo fẹ́ sáré dé Àgbàdó lọ ra òwú. Ṣé kò sí nǹkan tí ẹ fẹ́ kí n bá yín mú bọ̀?"

Mo wo ẹsẹ̀ wọn. Bàtà dúdú. Bàtà pupa.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ẹ̀rù bà mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀ bóyá yóò ṣẹ. Mo ní, "Kò sí o. Ẹ lọ re, ẹ bọ̀ re."

Wọn ò bọ̀.

Ìwé náà jáde, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà ni Ìyá Bíntù bẹ̀ pé kí n bá àwọn kọ ìkéde tí wọ́n fi wá ọkọ wọn. Mo kọ ọ́. Wọ́n kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò pẹ́ tí mo fi kó lọ sí Ìbàfò.

Ìyá Bíntù ti darúgbó báyìí, ojú wọn ò ríran mọ́. Mowe ni wọ́n wà, lọ́dọ̀ Bíntù. Bíntù ló wá bá mi. "Ìyá mi ní kí ẹ wá ka ìwé yẹn fáwọn. Wọ́n gbọ́ pé bàbá mi wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀."

Mo ti gbìyànjú láti kọ ọ́ pé Bùọ̀dá padà dé. Mo kọ ọ́ pé ọkọ̀ dúró ní Ifọ̀, ìlẹ̀kùn ṣí, ẹnìkan ń sọ̀ kalẹ̀. Mi ò lè kọ ojú ẹni náà. Ẹ̀fẹ̀ nìkan ni ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n kọ, mi ò sì mọ irú ohun tó lè dáhùn tí èmi bá pè é.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń retí mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kàwé náà fún wọn kí wọ́n rẹ́rìn-ín, àbí kí n dọ̀bálẹ̀, kí n sọ fún wọn pé mo lè dá ọkọ wọn dúró lọ́jọ́ náà, mi ò sì dá wọn dúró?