Rọ́bà Kékeré Tí Múkáílà Búra Lé Lórí

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó tún kó wa jọ láàárọ̀ yìí, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa. Ẹ̀yin jàmáà, ọ̀rọ̀ àmánà, ohun tí wọ́n fi sí wa níkàáwọ́, ni mo gbé wá lónìí, òun àti ìbúra "wàláì" tó ti di iyọ̀ ọbẹ̀ lẹ́nu wa. Ẹ má wo ẹnìkejì yín o. Ara yín ni kí ẹ wò.

Mẹkáníìkì kan wà ní Òkè-Ògùn lọ́hùn-ún, Múkáílà lorúkọ rẹ̀. Ó mọṣẹ́ gan-an. Àgbàlagbà kan níbẹ̀, Bàbá Sàláwù, ní píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Òun ni wọ́n fi ń kó kaṣú, òun náà ni wọ́n fi ń gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù lẹ́yìn òkè. Ọkọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ tó bá ń gun òkè yẹn. Múkáílà fi ìka dí ẹnu rọ́bà tín-ín-rín tó ń fa atẹ́gùn fún tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára. Rọ́bà ò fa ìka rẹ̀ rárá.

"Bàbá, ó ti là. Ibí ló ti ń jò."

Bàbá ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, wọ́n ra tuntun wá, ó fi lé e lọ́wọ́. Àmánà dé nìyẹn!

Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà kan tó ń kánjú yà wọlé, irú rọ́bà yẹn náà ló ń wá. Múkáílà fún un ní ti Bàbá. Kí ló wá fi sí ti Bàbá? Ó ya ìborùn àtijọ́ ìyàwó rẹ̀, aláwọ̀ ewé, ó fi gọ́ọ̀mù sí i, ó dì í mọ́ ojú tó là.

Sìfáwù ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Rùkáyà, ṣé aṣọ ni wọ́n ń fi sí ọkọ̀ ni?"

"Kó ṣì máa mánéèjì. Màá ra òmíràn."

Bàbá dé. "Ṣé o ti fi tuntun yẹn sí i?"

"Wàláì, Bàbá, mo ti fi sí i."

Wọ́n bi í lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti búra! Oṣù kan kọjá, kò ra nǹkan kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Sìfáwù ń ṣa kaṣú nínú ewé gbígbẹ, ni ọká bá bù ú ṣán lẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ ta ni wọ́n sáré lọ gbé? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bàbá Sàláwù ń wakọ̀, Múkáílà gbé orí ìyàwó rẹ̀ lé itan lẹ́yìn. Ní ìdajì òkè, ọkọ̀ kú.

Kí Múkáílà tó sọ̀ kalẹ̀ ló ti mọ ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n Bàbá dúró tì í, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Tó bá lọ síbẹ̀ tààrà, ìborùn á yọjú. Ló bá tú fílítà epo, ó dá a padà. Ó tú ti atẹ́gùn. Ó ń gbọn bátìrì jìgìjìgì. Ojú ló ń tì í o! Ẹsẹ̀ Sìfáwù sì ń wú.

Obìnrin náà gbórí sókè. "Bàbá Rùkáyà, ìborùn mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Bàbá."

"Sinmi, òun kọ́."

Ó tún purọ́! Àfìgbà tí ohùn obìnrin náà ò jáde mọ́ ló bú sẹ́kún, tó fa aṣọ náà yọ lójú Bàbá. Ó gé rọ́bà tó ń fọn omi sí gíláàsì iwájú, ó fi rọ́pò rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta! Ọkọ̀ gun òkè. Ṣùgbọ́n ó ti lo ogójì ìṣẹ́jú tẹ́lẹ̀ níbi tó ti ń fi irọ́ pa mọ́. Dókítà ní, "Ẹ ò bá tètè dé díẹ̀ sí i." Sìfáwù ti lọ.

Bàbá Sàláwù ò bú u. Ó ní, "Kádàrá ni, ọmọ mi."

Lẹ́yìn tí a sin ín, Múkáílà wá bá mi, àjákù ìborùn yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀, epo ti sọ ọ́ di dúdú. "Àlùfáà, mo gbà, kádàrá ni ikú. Ogójì ìṣẹ́jú yẹn ńkọ́? Ta ló ni ín?"

Èmi tí mò ń wàásù fún yín yìí, mo jókòó tì í. Àwa méjèèjì la jọ sunkún.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, àti èmi náà, bí a bá ti ba àmánà ẹnì kan jẹ́, ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún un lónìí, nígbà tó ṣì jẹ́ pé ìtìjú nìkan ni yóò ná wa. Ọlọ́hun, fún wa ní ahọ́n tó lè sọ pé "èmi ni mo ṣe é" kó tó pẹ́ jù. Forí jin Sìfáwù. Gba túúbá Múkáílà. Má sì jẹ̀ẹ́ kí èèyàn wa bẹ̀ wá pé ká sọ òtítọ́, kí á ní kó sinmi. Àmín.