Ìgò Tí Mo Kọ Nọ́ńbà Ràfíátù Sí

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé láti Bantè lẹ ti ń bọ̀ láàárọ̀ yìí?"

"Láti Bantè ni, Ràfíátù."

"Ẹ tún ru iṣu."

"Iṣu tuntun ni."

"Iṣu téèyàn rù wá sí Savalou, níbi tí iṣu pọ̀ sí, ọ̀rọ̀ ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ sọ ọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ọdún mẹ́rin ni mi ò fi rí ọ̀rọ̀ náà sọ. Èmi àti Ràfíátù jọ ṣiṣẹ́ nílé àyẹ̀wò kan létí òkun ni. Nínú gbòǹgbò koríko tó ń hù nínú ẹrẹ̀ oníyọ̀ ló ti rí kòkòrò kan, irú èyí tí ojú lásán kò lè rí. Iyọ̀ tó ń pa àwọn yòókù, inú rẹ̀ lèyí ti ń gbilẹ̀. Ọ̀gá wa yẹ ìwé wò títí, kò sẹ́ni tó kọ nípa rẹ̀ rí. Ràfíátù bá ń kọ ìrísí àti ìṣe rẹ̀ sílẹ̀, kó lè sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ wa, a kì í sọ òkú lórúkọ: ó gbọ́dọ̀ wà láàyè nínú ìgò, kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ni wọ́n fi ṣọ́ ìgò náà, kí n máa pààrọ̀ oúnjẹ rẹ̀.

Àsìkò iṣu tuntun dé. Mo lọ sí Bantè fún ọjọ́ mẹ́ta, mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ni mo rí níbẹ̀? Iyán ìyá mi. Nígbà tí mo padà, inú ìgò ti gbẹ. Mo gbìn ín sínú oúnjẹ tuntun títí, kò hù. Ẹ̀rù bà mí. Mo bu kòkòrò mìíràn tó funfun bíi tirẹ̀ sínú ìgò tuntun, mo kọ nọ́ńbà tí Ràfíátù fún kòkòrò tirẹ̀ sí i lára, a sì fi ránṣẹ́ sókè òkun fún àwọn tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́tà padà dé: iyọ̀ pa á. Wọ́n ní ohun tí Ràfíátù kò rí ló kọ. Níwájú ọ̀gá, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé nǹkan kan ṣe ìgò mi?" Mo ní rárá. Ó kó ẹrù rẹ̀ wá sí Savalou, ó ń kọ́ ọmọ níwèé. Èmi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a. Kò tíì bá tèmi, ṣùgbọ́n ọrùn èmi tí mo rù ú ti ń wọ̀.

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò sunkún, kò bú mi.

"Ta lẹ tún sọ fún?"

"Ìwọ nìkan. Bí mo bá sọ fún ọ̀gá, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Ọmọ mẹ́ta ń jẹun lọ́wọ́ mi."

Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi rò ó wò.

"Koríko yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣì wà létí òkun?"

"Ó wà."

Ó gbé iṣu náà padà síwájú mi, ó kó ìwé iléèwé rẹ̀, ó gun ẹ̀yìn alùpùpù tó ń dúró dè é.

"Gbòǹgbò ò sá lọ, ẹ̀gbọ́n; ẹni tó bá wá kòkòrò mi níbẹ̀ á tún rí i. Kí lẹ wá ń ṣe nílé mi?"