Bàtà Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Olódi

Nígbà tí mo ń ṣe tíṣà ní Mọ́níyà, mo gbọ́ ìyá Aládùúrà kan nínú bọ́ọ̀sì, tó ń ròyìn ìlú òyìnbó fún obìnrin tó jókòó tì í.

"Ọmọ mi mú mi lọ wo ilé olódi àwọn ọba àtijọ́. Wọ́n ti fi ṣe ẹ̀wọ̀n rí. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú ẹ̀, ni mo bá bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí a ṣe máa ń ṣe, mo wọlé, mo kúnlẹ̀. Ìgbà tí mo máa lajú, àwọn èèyàn ń mu tíì!"

"Yéè! Wọ́n ti sọ ọ́ di ilé oúnjẹ?"

"Ojú ti ọmọ mi, ó ní kí n dìde. Àfi bí ìyá òyìnbó kan ṣe gbé ife ẹ̀ sílẹ̀, tó bọ́ bàtà, tó kúnlẹ̀ tì mí."

"Ẹ ti gbà á padà fún Ọlọ́run nìyẹn, Màmá!"

Èmi tí wọn ò bá sọ̀rọ̀ ni mo kígbe Halelúyà.