Kóòtù Tí Wọ́n Fi Òwú Pupa Rán

Nínú takisí tó gbé wa láti Ararọ̀mí-Ọ̀pin lọ sí Ọ̀sì ni mo ti gbọ́ ọ, láàárín ọkùnrin kan tó ń ṣàyẹ̀wò ayédèrú káàdì ìdánimọ̀ fún àwọn ọlọ́pàá, àti màmá télọ̀ kan tó ti ń fi ọmọ rẹ̀ yangàn fún wa láti gáréèjì pé ó ti ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò n'Ílọrin.

"Kí ló dé tẹ́ ò kàn ju àwọn tẹ́ ẹ ká a mọ́ lọ́wọ́ sẹ́wọ̀n, kó parí?" màmá bi í.

"Kò lè parí, màmá. Àwọn yẹn kàn rà á ni. Àwọn tó ń ṣe é tí wọ́n ń tà á fún oníjìbìtì àti ajínigbé la ń wá. Ìdí nìyẹn tá a fi ń tẹ́ gbogbo káàdì náà sílẹ̀, ká wo ohun tó so wọ́n pọ̀."

"Kí lẹ wá rí?"

"Kóòtù. Orúkọ yàtọ̀, ìlú yàtọ̀, ojú yàtọ̀, àmọ́ kóòtù kan náà ni gbogbo wọn wọ̀ ya fọ́tò."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Kò sí fọ́tógíráfà tí kì í gbé kóòtù kọ́ de oníbàárà. Ṣé kóòtù méjì ò lè jọra ni?"

"Eléyìí ò jọ òmíràn. Kóòtù dúdú ni, ọrùn rẹ̀ ti ya rí, òwú pupa ni wọ́n sì fi rán an."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu màmá. Bá a ṣe ń wọ Ọ̀sì, ó ní:

"Òwú dúdú ló tán lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà."