Tẹlifóònù Táyé àti Kẹ́hìndé

Nínú ọkọ̀ Èrúwà sí Igbó-Ọrà, ìlú àwọn ìbejì, láyé tí tẹlifóònù ṣì ń gba orí wáyà, mo há sáàárín ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń tún tẹlifóònù ṣe àti obìnrin kan tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń pè ní Ìyá Ìbejì.

"Ìyá Ìbejì, wáyà kan náà ni gbogbo àdúgbò yín jọ ń lò. Tí tẹlifóònù ilé kan bá ń pariwo nígbà tí kò kàn án, ó ti ba ti gbogbo ilé jẹ́ nìyẹn. Mo yọ ti Táyé ọmọ yín, ariwo ò dákẹ́. Mo dá a padà, mo yọ ti Kẹ́hìndé, ariwo ò dákẹ́. Mo ní wọn ò jẹ̀bi."

"Mo ṣáà kìlọ̀ fún ọ pé a kì í mú ti ọ̀kan ká fi ti èkejì sílẹ̀."

"Ẹ kìlọ̀. Ìgbà tí mo yọ méjèèjì pọ̀, kẹ́kẹ́ pa! Àṣé àwọn méjèèjì ló bàjẹ́."

"Ọjọ́ kan náà la rà wọ́n. Ṣé kí ọ̀kan máa ya wèrè, kí èkejì máa wò ó?"

"Ẹyọ kan tó dára ló wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ n fún Táyé, kí Kẹ́hìndé ní sùúrù."

"Ó tì o! Dá tiwọn padà bó ṣe wà."

"Àdúgbò ò ní gbọ́ra wọn sọ̀rọ̀ mọ́, Ìyá!"

"Kí wọ́n máa pera wọn lójú fèrèsé. Kí méjèèjì jọ bàjẹ́ sàn ju kí ọ̀kan dá dára."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá ìbejì tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ló jọ dáhùn pé, "Àmín."