Iṣẹ́ Àbúrò Mi, Orúkọ Tèmi

Ìṣó mẹ́ta ti jáde lára ògiri, mo ń fi òòlù fa ẹ̀kẹrin, nígbà tí ọ̀gá wa bi mí pé kí ni mo ń fi ìwé ẹ̀rí mi ṣe. Mo ní kí ó pe gbogbo ọ́fíìsì jọ, pẹ̀lú àbúrò mi tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo sọ fún wọn ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí. Dókítà ti sọ iye oṣù tó kù fún mi, n kò sì fẹ́ gbé irọ́ wọ sàréè.

Ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, àwa méjèèjì jọ kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé nípa ẹ̀kọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ kan ń fi ránṣẹ́ sí wa nílé. Èmi a wọn ìlà lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó fà á. Òun a máa súfèé, ilé a sì dìde lórí bébà bí ẹni pé ó ti gbé inú rẹ̀ rí. Ó dùn mí. Èmi tí n kì í fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò! Èmi ni mo ń gbé iṣẹ́ wa lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ojú ewé tí a kọ orúkọ sí wà lọ́tọ̀, okùn tín-ín-rín la fi so ó mọ́ àwòrán. Mo tú okùn, mo fi orúkọ mi sórí iṣẹ́ rẹ̀, tirẹ̀ sórí tèmi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é. Ilé ẹ̀kọ́ náà kì í dá àwòrán padà, èsì nìkan ni.

Èsì rẹ̀ kẹta ní: “Iṣẹ́ yìí kò bá ọ mu. Lọ wá òmíràn.” Ó rẹ́rìn-ín. “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin ni Màmá kó gbogbo ọpọlọ fún o.” Kò súfèé mọ́. Mo fi òógùn mi parí ìyókù ẹ̀kọ́ náà, mo gba ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n orí irọ́ ni mo kọ́ ọ lé. Èmi náà ni mo bá a wá iṣẹ́ agbálẹ̀. Mo pè é ní oore. Oore!

Èyí kọ́ ló burú jù. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ó dúró ti tábìlì mi, ó ń wo àwòrán ilé tí mo ń yà. “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bínú o. Tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn yìí, ṣé kò ní dí ọ̀nà àkàsọ̀?” Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ojú wà lára wa. Mo ní, “Ìwọ tí ìwé lé dànù, o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́? Olódo, gbálẹ̀ rẹ.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà bá wọn rín in. “Ẹnu ló ń yún mi.” Bí ó ti jáde, mo pa ilẹ̀kùn náà rẹ́, mo sì yà á sí ibi tí kò ti ní dí ọ̀nà.

Nígbà tí mo sọ gbogbo èyí tán fún ọ́fíìsì, mo kúnlẹ̀ níwájú àbúrò mi. Ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ ti ògiri.

“Ọmọ mi obìnrin fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí nígbà kan. Mo ní kó má dán an wò, pé irú wa ò ní orí ìwé. Ó gbọ́ tèmi. Ṣé ẹ máa bá mi lọ sọ fún un?”

Mo ní n ó lọ.

“Ẹ dìde nígbà náà. Mi ò tíì dárí jì yín o.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnìkan bá mọ̀ ọ́n ṣe jù yín lọ, ẹ jẹ́ kó mọ̀ ọ́n ṣe. Mo gba èrò rere tí ènìyàn ní nípa ara rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń rà á padà.

Mo fa ìṣó tó kù yọ, mo gbé ìwé ẹ̀rí náà lé ọ̀gá lọ́wọ́, mo sì tẹ̀lé àbúrò mi jáde.